Bí Mo Ṣe Fi Awò Wo Owó Ìrántí Ìjọ Wa

Fún bí ọdún mẹ́ta, èmi nìkan ni ẹni tó lè sọ fún yín, ní gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde, iye ẹyọ owó ìrántí ìjọ wa tí lẹ́tà P rẹ̀ ní ẹsẹ̀ méjì. Kò sẹ́ni tó bi mí. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń ra ilẹ̀ sí ọ̀nà Ìjagun, tí àwọn mìíràn ń sáré ìwé ìrìnnà kí wọ́n lè bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀ lọ sí òkè òkun, èmi jókòó, mò ń wo ẹsẹ̀ lẹ́tà, mo sì ń kọ ohun tí mo rí sílẹ̀.

Tíṣà báyọ́lọ́jì ni mí nígbà náà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tó jẹ́ ti àwọn ọmọbìnrin. Kò tíì pẹ́ tí ìjọba pààrọ̀ àwọ̀ owó náírà. Owó oṣù tíṣà máa ń pẹ́ lọ́nà, mílíìkì àti ṣúgà sì ti di ohun tí ènìyàn ń tò sí ìlà fún. Ẹ̀rọ tí a fi ń wo nǹkan tíntìntín nínú yàrá sáyẹ́ǹsì wa ti bàjẹ́ kí n tó débẹ̀. Awò kékeré kan tó máa ń sọ nǹkan di ńlá ló kù. Mo so okùn mọ́ ọn, mo gbé e kọ́ ọrùn, òun ni mo fi ń ka irun ẹsẹ̀ aáyán fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin.

Ará Íńdíà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní físíìsì ló kó mi sínú ọ̀rọ̀ owó. Nígbà tí àkókò iṣẹ́ rẹ̀ pé, tó fẹ́ padà sílé, ó pín ẹrù rẹ̀ fún wa. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gba fáànù. Akọ̀wé gba sítóòfù. Ó wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní òun ti fi nǹkan pàtàkì pamọ́ fún mi, mo sì ń retí rédíò. Ìwé ló fà yọ, ìwé pélébé kan lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe owó ẹyọ. Ó ní ẹni tó bá lè ní sùúrù fún ẹsẹ̀ aáyán, yóò gbádùn rẹ̀. Mo dúpẹ́. Fáànù yẹn dùn mí.

Ìwé náà ṣàlàyé pé irin kan wà tí wọ́n máa ń fín lẹ́tà àti àwòrán sí. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní ìyá òǹtẹ̀. Wọ́n á fi ìyá yìí tẹ irin mìíràn, irin kejì yẹn á di òǹtẹ̀, òun ni wọ́n á sì gbé sínú ẹ̀rọ tó ń lu owó. Nígbà mìíràn, ìtẹ̀ kan kì í tó, wọ́n á tún un tẹ̀. Bí ìyá òǹtẹ̀ bá yẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́tà á di méjì, ọ̀kan á máa yọjú lẹ́yìn èkejì. Gbogbo owó tí òǹtẹ̀ náà bá lù yóò gbé àbùkù yẹn, ní ojú kan náà gẹ́lẹ́. Ìwé náà ní àwọn kan wà ní ìlú òyìnbó tó ń wá irú owó bẹ́ẹ̀ kiri, pàápàá lára àwọn owó tí wọ́n ṣe fún ìrántí ọjọ́ ńlá, tí wọ́n ń pín in sí oríṣi-oríṣi, tí wọ́n sì ń fún oríṣi kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún ìyàwó mi pé àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn kò níṣẹ́ lọ́wọ́.

Ní ọdún náà ni ìjọ wa pé ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Ìyá Ìjọ ni alága ìgbìmọ̀ àjọ̀dún. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, páànù àti irin ìkọ́lé ló ń tà. Kì í gbóhùn sókè, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń ní kó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Òun ló ní kàlẹ́ńdà àti ife oníke ti sú òun, pé owó ìrántí ni kí a ṣe, owó tí ọmọ yóò fi han ọmọ. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá oníṣẹ́ irin kan ní Ṣómólú, ní Èkó, òun ló sì kó owó náà bọ̀ nínú ọkọ̀ páànù rẹ̀, nígbà tí àjọ̀dún ku ọ̀la. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, a tò lọ síwájú pẹpẹ, olúkúlùkù gba ẹyọ kan.

Owó náà fẹ̀ díẹ̀ ju kọ́bọ̀ márùndínlọ́gbọ̀n lọ, ó pọ́n bí bàbà. Ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa wà ní ojú kan rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ yí i ká pé E FI OPE FUN OLUWA. Orúkọ ìlú àti ọdún wà ní ojú kejì. Ó rẹwà. Gbogbo ènìyàn ló ní ó rẹwà, èmi náà wí bẹ́ẹ̀, mo sì fi í sápò ṣòkòtò.

Ní ọjọ́ Ajé, ní ilé-ẹ̀kọ́, mò ń wá ṣọ́ọ̀kì nínú àpò nígbà tí ọwọ́ mi bà á. Mo kàn gbé awò lé e ni, bí ènìyàn ṣe máa ń tẹ dùùrù tó bá ṣí sílẹ̀. Lẹ́tà P inú OPE ní ẹsẹ̀ méjì. Mo nu awò. Ẹsẹ̀ náà ṣì jẹ́ méjì. E tó tẹ̀lé e ní apá mẹ́fà. Etí lẹ́tà náà là sí méjì bí ìrù ẹja, méjèèjì ga bákan náà. Agogo kíláàsì lù, n kò gbọ́; ọmọ kan ló wá pè mí.

Nígbà tí mo délé, mo gba ti ìyàwó mi. Tirẹ̀ mọ́ tónítóní, ẹsẹ̀ kan ni P rẹ̀ ní.

"Kí ló ṣe é?" ó béèrè.

"Kò ṣe nǹkan kan. Ó dára."

"Kí ló dé tí o wá ń wò ó bí ẹni pé ó ṣàìsàn?"

Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ mi dé òpin, nítorí ó ní sùúrù, ó wá ní, "Ìyẹn ni pé tìrẹ ló bàjẹ́."

"Tèmi ló ṣọ̀wọ́n."

"Tìrẹ bàjẹ́, ó sì ṣọ̀wọ́n," ni ó wí, ó sì lọ yí ẹ̀wà.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ra ìwé ìkọ̀wé olójú-ewé púpọ̀, mo fi rúlà fa ìlà sí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, mo máa ń lọ láti ilé dé ilé láàárín àwọn ọmọ ìjọ, awò lọ́rùn, ìwé lábẹ́ abíyá. Mo máa ń kí wọn, mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n rí owó àjọ̀dún wọn. Àwọn mìíràn rò pé ìgbìmọ̀ ló rán mi wá gbà á padà, wọ́n ní ó ti sọnù. Bí mo bá ti rí èyí tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ méjì, mo máa ń kọ ọ́ sí abẹ́ Oríṣi Kìíní. Àwọn kan tún wà tí ìdí lẹ́tà wọn ní àkàsọ̀ pẹrẹsẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ga, ó sì máa ń yàtọ̀ láti ara owó kan sí òmíràn. Mo pe ìyẹn ní Oríṣi Kejì. Inú mi dùn sí Oríṣi Kejì gan-an, nítorí kò sí nínú ìwé ará Íńdíà, mo sì gbà pé èmi ni mo kọ́kọ́ rí i láyé.

Àṣìṣe tí mo ṣe ni pé mo fún un ní orúkọ. Mo máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé òǹtẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìbejì. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ ti bọ́, ìbejì ló kù. Wọ́n ní owó ìbejì wà nínú owó àjọ̀dún. Àwọn abiyamọ tó bí ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí wá mi wá sílé, pé kí n bá wọn yẹ tiwọn wò, pé ẹ̀tọ́ wọn ni. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin fi tirẹ̀ tó mọ́ ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wá bá wa ṣe àjọ̀dún láti Ayépé, ẹ̀gbọ́n kò sì mọ ìdí rẹ̀ àfìgbà tó tún dé ṣọ́ọ̀ṣì wa lálejò. Ìjà wọn le. Àlùfáà wa dìde lórí àga ìwàásù, ó ní oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run kò ní oríṣi kìíní àti oríṣi kejì. Gbogbo ìjọ yí ojú sí mi. Mo tẹ orí ba bí ẹni ń gbàdúrà.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni Ìyá Ìjọ ránṣẹ́ pè mí. Mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó jókòó sáàárín páànù tí wọ́n tò gogoro. Mo dọ̀bálẹ̀. Kò ní kí n dìde kíá.

"Tíṣà, wọ́n ní ò ń yẹ owó ìjọ wò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì. Ìwádìí ni mò ń ṣe."

"Ìwádìí kí ni?"

"Lẹ́tà àwọn kan jẹ́ méjì, mà. Ohun iyì ni o. Ní òkè òkun, tí wọ́n bá rí irú rẹ̀..."

"Ta ló lọ ṣe owó yẹn?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Tí ènìyàn bá rin ìrìn Èkó lẹ́ẹ̀mẹ́rin nítorí iṣẹ́ Ọlọ́run, tí ẹnì kan wá jókòó, tó ń fi awò wá àbùkù iṣẹ́ náà, kí là ń pe onítọ̀hún?"

Mo ronú sí i tọkàntọkàn. Mo ní, "Olùwádìí, mà."

"Ní Ìjẹ̀bú níbí," ni Ìyá Ìjọ wí, "ọ̀tá là ń pè é."

Ó ní owó òun kò ní àbùkù kankan, pé ojú mi ló ń rí nǹkan méjì-méjì, kí n lọ rí dókítà. Mo dúpẹ́ ìmọ̀ràn, mo jáde. Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé bí mo ṣe ń lọ, mo ń ronú nípa owó tó wà nínú gíláàsì lórí tábìlì rẹ̀. N kò tíì yẹ ìyẹn wò.

Wàhálà mìíràn tún dé. Ọkùnrin kan tó ń kọ tẹ́nọ̀ lẹ́yìn mi nínú ẹgbẹ́ akọrin, tó ń ṣe iṣẹ́ pánẹ́lì ọkọ̀, kó owó tirẹ̀ wá nínú áńkáṣíìfù funfun. Ó tú u bí ẹni ń tú ẹyin.

"Ẹ wò ó dáadáa, Tíṣà. Tèmi kì í ṣe ìbejì o. Ìbẹta ni."

Mo wò ó. Òtítọ́ ni, OLUWA jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Ilé agogo pàápàá ti bí ilé agogo mìíràn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí òǹtẹ̀ bá lù máa ń yọ sókè, tirẹ̀ sì rì wọnú bàbà lọ.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "ìṣó lẹ lò àbí ṣísẹ́ẹ̀lì?"

Ó wo ojú mi, ó wo awò ọrùn mi. "Ṣísẹ́ẹ̀lì," ni ó wí. Ó ká áńkáṣíìfù rẹ̀. "Ṣé kò wá lè ní nọ́ńbà tirẹ̀ ni?"

Mo rò ó. Iṣẹ́ náà mọ́, kò sẹ́ni tó lè sẹ́ ẹ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí Oríṣi Kẹta, ayédèrú. Inú rẹ̀ dùn, ó ń sọ fún gbogbo tẹ́nọ̀ pé òun nìkan ló ní Oríṣi Kẹta. Nígbà tí oṣù yẹn fi máa parí, a ti ní Oríṣi Kẹta mẹ́fà.

Láàárín gbogbo èyí ni wọ́n sọ fún mi pé bàbá kan wà ní Ìjẹ̀bú-Ìmùsìn, pé òun ni ọmọ ìjọ wa tó dàgbà jù, pé wọ́n gbé owó tirẹ̀ lọ fún un sílé. Mo wọ ọkọ̀ lọ. Bàbá náà ti ṣe iṣẹ́ káfíńtà fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún. Ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde. Ojú rẹ̀ ti fọ́ pátápátá. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun. Mo ṣàlàyé ohun tí mo bá wá, mo sì ń fi ọgbọ́n wá bí mo ṣe máa tọrọ owó náà lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ pé iṣẹ́ ojú ni.

"Èyí tí wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì yẹn?" ni bàbá wí. "Mo ti mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e wá ni mo ti mọ̀."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n, Bàbá?"

Ó gbé àtàǹpàkò sókè. Mo ti kó bíi ogún owó wá tí mo yá lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìjọ. Mo dà wọ́n sí orí ẹní. Bàbá ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtàǹpàkò pa wọ́n lójú, ó ń jù wọ́n sí ọ̀tún, sí òsì. Kò tó ìgbà tí ènìyàn fi máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tán tó fi parí. Mo gbé awò, mo bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀lé e lẹ́yìn. Mo lo ìdajì wákàtí, n kò sì rí ẹyọ kan tó ṣì.

Àfi ibì kan. Gbogbo Oríṣi Kejì tèmi, òkìtì àwọn tó mọ́ ló jù wọ́n sí.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, àwọn wọ̀nyí náà jẹ́ méjì."

Ó tún gba ọ̀kan, ó fọwọ́ pa á. "Rárá. Èyí kì í ṣe pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ ló gbọ̀n nígbà tó ń lù ú, ó wá yọ̀ díẹ̀. Ibi tó yọ̀ dé tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ga. Tí o bá kan pákó méjì pọ̀, o máa mọ̀ pé pákó méjì ni. Tí ayùn bá ta sára pákó kan, ojú ibi tó ta sí lo máa rí, pákó kan náà sì ni. Ṣé o rí ìyàtọ̀ wọn?"

Mo rí i. Ó ti wà níwájú mi láti ọjọ́ yìí, àkàsọ̀ pẹrẹsẹ tó ń yàtọ̀ láti ara owó kan sí òmíràn. Èmi fúnra mi ni mo kọ bẹ́ẹ̀. Òǹtẹ̀ kan kì í yí ojú padà. Ìwàrìrì ẹ̀rọ ni mo fún ní nọ́ńbà, tí mo tún yangàn lé lórí. Nínú ọkọ̀, bí mo ṣe ń padà sílé, mo fi bírò fa ìlà pa Oríṣi Kejì rẹ́, ojú ewé méje gbáko. Ọ̀nà Ìmùsìn kò dára lákòókò yẹn, gbogbo ìlà náà ló wọ́.

Ó wá kù kí n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òǹtẹ̀ tòótọ́. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gba ìsinmi, mo lọ sí Ṣómólú. Oníṣẹ́ irin náà jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́tù tó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì àwọ̀ eérú, ẹ̀rọ rẹ̀ kún yàrá débi pé ènìyàn gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Mo ní láti ìjọ báyìí báyìí ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti wá, pé owó ìrántí tó ṣe fún wa wù mí. Ó yọ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi bí ẹni ti ń retí ẹni tí yóò bi òun.

Ó ní òǹtẹ̀ àkọ́kọ́ dára, òun ló lu ìdajì owó náà, kó tó sán. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí tẹ òmíràn. Bí ẹ̀rọ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ìyá òǹtẹ̀ báyìí ni iná lọ. Iná kò dé títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tó dé, ó tún un tẹ̀, kò mọ̀ pé ìyá òǹtẹ̀ ti yẹ̀ díẹ̀. Ìgbà tó ti ń lu owó lọ ló tó rí i.

"Ẹ ò wá ṣe òmíràn?"

"Mo fẹ́ ṣe é. Mo sọ fún Màmá nígbà tí wọ́n wá kó o, mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ní àjọ̀dún kò lè dúró. Wọ́n gba ẹyọ kan, wọ́n gbé e sí ojú oòrùn, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, 'Ojú lásán kò rí i. Ta ni yóò jókòó sílé, tí yóò máa fi awò wo owó ṣọ́ọ̀ṣì?'"

Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sórí awò tó wà lọ́rùn mi. Ó ní ṣé mo máa mu omi tútù.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, Ìyá Ìjọ dúró dè mí lẹ́bàá ilẹ̀kùn lẹ́yìn ìsìn. Ó ti gbọ́. N kò mọ ẹni tó sọ fún un.

"Wọ́n ní o dé Ṣómólú."

"Mo dé ibẹ̀, Mọ́mì."

"Ọkùnrin yẹn máa ń sọ̀rọ̀ jù."

"Ó ní iná ló lọ, mà."

"Kí ló tún sọ?"

Fún oṣù mẹ́rin, mo ti ń ro ohun tí mo máa sọ bí mo bá rí ẹ̀rí pé ojú mi kò ṣàìsàn. Mo ti tò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú Bíbélì ńlá rẹ̀ láyà, gèlè rẹ̀ wọ́ díẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tó wọ́. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára mi.

"Iná nìkan ló wí, mà."

"Iná nìkan?"

"Iná nìkan ni mo sì máa kọ sínú ìwé."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní kí n kí ìyàwó mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó fi abọ́ ìkọ́kọrẹ́ ránṣẹ́ sí wa, abọ́ ńlá, ẹja òkú èkó kún inú rẹ̀. Ìyàwó mi ní bí ìwádìí bá rí báyìí, kí n má fi í sílẹ̀.

Mo fi taipuráítà ilé-ẹ̀kọ́ tẹ ìwé àkójọ náà, ojú ewé mọ́kànlá, pẹ̀lú àwòrán tí mo fi ọwọ́ yà. Mo fi owó méjì sí i, ọ̀kan tó mọ́ àti ọ̀kan tó jẹ́ méjì, mo fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ kan tí àwọn olùkójọ owó dá sílẹ̀ ní ìlú òyìnbó, tí àdírẹ́sì wọn wà lẹ́yìn ìwé ará Íńdíà. Mo ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Akọ̀wé ibẹ̀ rò pé mo ń retí ìwé ìgbaniwọlé, ó máa ń fi mí sínú àdúrà.

Oṣù keje tí mo fi í ránṣẹ́ ni èsì dé. Wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Wọ́n ní àlàyé mi lórí ìyàtọ̀ láàárín òǹtẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì àti ìwàrìrì ẹ̀rọ já gaara, pé ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ àwọn ni kò tíì mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní òǹtẹ̀ owó tí mo fi ránṣẹ́ jẹ́ méjì lóòótọ́, ó sì dára púpọ̀. Wọ́n wá ní ó ṣeni láàánú pé kò sí ìjọba tó ṣe owó náà, nítorí náà, kì í ṣe owó, ohun ọ̀ṣọ́ ni, àwọn kì í sì fún ohun ọ̀ṣọ́ ní nọ́ńbà. Wọ́n fi fọ́ọ̀mù tí mo lè fi di ọmọ ẹgbẹ́ sínú àpòòwé. Wọn kò dá owó méjèèjì padà.

Mo gbé ìwé náà lọ sí Ìmùsìn, mo kà á fún bàbá káfíńtà, mo túmọ̀ rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti yin àlàyé náà, mo ní, "Ẹ̀yin ni wọ́n ń yìn, Bàbá." Ó mi orí. Mo ka ìyókù, mo ká ìwé náà.

"Wọ́n ní kì í ṣe owó," mo wí.

"Ta ló sọ fún wọn pé owó ni?" ni bàbá béèrè. Ó yà á lẹ́nu gan-an ni. "Ṣé o ti gbé e lọ sọ́jà rí ni?"

A jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Mo gbé awò padà sí yàrá sáyẹ́ǹsì, mo sì rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n ní ọdún tó tẹ̀lé e, ìjọ wa fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn tuntun, wọ́n ní kí a fín òkúta ìrántí tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Ìyá Ìjọ ló tún di alága. Ó dìde nínú ìpàdé ìgbìmọ̀, ó ní òun kò ní gbé òkúta náà kúrò lọ́dọ̀ oníṣẹ́ àfi tí Tíṣà bá kọ́kọ́ wò ó. Ó ní èmi ni ojú tí ìjọ fi ń ríran. Gbogbo ìgbìmọ̀ ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, inú mi dùn ju bí yóò ti dùn ká ní àwọn òyìnbó fún mi ní nọ́ńbà.

A jọ lọ, èmi àti òun, nínú ọkọ̀ páànù. Oníṣẹ́ náà ṣí aṣọ lórí òkúta. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo gbé awò lé lẹ́tà àkọ́kọ́. Mo yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀, apá, ìdí, igun. Ó tó wákàtí kan. Lẹ́tà kankan kò jẹ́ méjì. Etí wọn mú, jíjìn wọn dọ́gba, mo fi ìka pa wọ́n bí bàbá káfíńtà ṣe kọ́ mi. Mo dìde, mo gbọn eruku orúnkún, mo sọ fún Ìyá Ìjọ pé n kò rí iṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbà á lẹ́nu mi, a gbé e wá sílé.

Ní ọjọ́ ìṣílé, bíṣọ́ọ̀bù fa aṣọ kúrò lójú òkúta, ìjọ sì ka ọ̀rọ̀ náà sókè pọ̀. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni OLUWA NI IPILE WA. Ohun tó wà níbẹ̀ ni OLUWA NI IPELE WA. Àwọn tó wà níwájú kà á tán kí wọ́n tó gbọ́ ohun tí wọ́n kà. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti àárín àwọn alto nínú ẹgbẹ́ akọrin. Àwọn obìnrin ìjọ, ìpèlé léjìká wọn, ń wo ara wọn.

Ìyá Ìjọ yí ojú sí mi díẹ̀díẹ̀. Tirẹ̀ náà wà léjìká, aláàrì, ó ṣẹ́ ẹ dáadáa.

"Tíṣà," ni ó wí jẹ́jẹ́, "kí lo wò lọ́jọ́ yẹn?"

"Lẹ́tà ni mo wò, Mọ́mì."

"O ò kà á?"

"N kò kà á, mà."

Ó wo òkúta náà, ó wò mí, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Mo rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ni. Ó fi etí ìpèlé nu ojú, ó sì ń rẹ́rìn-ín lọ títí bíṣọ́ọ̀bù fi dákẹ́ dè é. Àlùfáà wa, tí kì í jẹ́ kí nǹkan ṣòfò, gun àga ìwàásù ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó wàásù lórí bí Olúwa ṣe ń bo àwọn tirẹ̀ léjìká. Ìwàásù náà dára débi pé ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n fi òkúta sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.